Ẹ Bi Ardis Lẹ́ẹ̀kẹta

Bí ebi bá ń pa Ardis Bakken débi pé ojú rẹ̀ ń ṣú, tí o sì ní kó wá bá ọ jẹun, ohun tó máa sọ ni pé òun ti yó. Tí o bá tún ní kó jókòó, á ní kí o má wulẹ̀ ṣe wàhálà, òun ò ní í pẹ́ lọ. Àfi tí o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni yóò wá jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú, tí yóò ní, "Ó dáa, díẹ̀ báyìí, tí kò bá ní í ni yín lára." Díẹ̀ kẹ̀! Obìnrin náà yóò jẹ oúnjẹ títí abọ́ yóò fi mọ́.

Ẹ má bú u. Bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn ní Elm Lake. Àwọn baba ńlá wa ló gbé e wá sí Minisota láti Nọ́wè, tòun ti ẹja gbígbẹ àti ìtìjú. Ẹni tí wọ́n fi nǹkan lọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì gbà á wàràwàrà, olójúkòkòrò ni. Ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò kọ́ ọ dáadáa nílé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọlúàbí ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kò fẹ́ nìyẹn o, kí o tètè fi í sílẹ̀. Ọmọdé níbí mọ èyí kó tó mọ orúkọ ìdílé baba rẹ̀.

Ti Ardis wá tún légbá kan. Nígbà tí Lowell Bakken fẹ́ fi í ṣe aya, ó kó ọ̀rọ̀ jọ fún odidi ìgbà ẹ̀rùn kó tó lè sọ ọ́ jáde. Ardis dá a lóhùn pé, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu nítorí tèmi, Lowell, àwọn tó dáa jù mí lọ pọ̀ nílùú." Ó tún bi í lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kejì, Ardis ní kó lọ wo ọmọbìnrin àwọn Moen wò, ọwọ́ rẹ̀ yá ṣáṣá. Lowell bá kọrí sílé, ó lọ ń sunkún sẹ́yìn màlúù. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo bi í?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀mejì, o wá ń sunkún! Ọ̀dẹ̀ ọmọ! Yáa bọ́jú ẹ, kí o padà síbẹ̀."

Ó padà síbẹ̀. Wọ́n sì jọ fún wàrà màlúù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n jọ bímọ, wọ́n jọ darúgbó, títí ikú fi mú Lowell lọ.

Lowell dáa o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbéyàwó wọn ṣì tutù, kì í bi ìyàwó rẹ̀ léèrè nǹkan kan. Á ra màlúù, á ta màlúù, á kun ilé ní ọ̀dà tó bá wù ú, ilé á sì pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, Ardis á ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá di ọdún kan tí kóòtù pe Lowell kó wá jókòó láàárín àwọn méjìlá. Bí ẹjọ́ bá délẹ̀ lọ́dọ̀ wa, adájọ́ nìkan kọ́ ló ń dá a. Àwọn ará ìlú méjìlá ni wọ́n máa ń ṣà jọ, àgbẹ̀, olùkọ́, ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, wọ́n á jókòó gbọ́ ẹjọ́ látòkè délẹ̀, wọ́n á wá ti ara wọn mọ́ yàrá kan, ohùn wọn á sì ṣọ̀kan lórí bóyá ẹni náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Lowell lọ. Ọjọ́ tí wọ́n parí ẹjọ́ náà, ó dé ilé, ó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé títí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì ọkọ̀ pátápátá. Nígbà tó wá wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ardis, mo fẹ́ ra katakata àwọn Moen. Kí lo rò?"

Díẹ̀ ló kù kí àwo bọ́ lọ́wọ́ Ardis.

Láti ọjọ́ náà títí Lowell fi kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo, kí lo rò, Ardis? Pásítọ̀ tuntun yìí ńkọ́, kí lo rò? Wọ́n tún ilé kùn, Ardis sọ pé àwọ̀ òféèfé ló wu òun, òféèfé náà ni wọ́n kùn ún. Àní nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, tí dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Minneapolis, ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ní, "Kí lo rò?" Ardis ní kó má lọ. Kò lọ. Inú yàrá tiwọn ló kú sí, fèrèsé wà ní ṣíṣí, ó ń gbọ́ ohùn àwọn màlúù.

Kí ni ọkùnrin yìí rí nínú yàrá kóòtù yẹn? Kí ni wọ́n fi hàn án? Ardis bi í léèrè nígbà ayé rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan. Ó tún bi í lọ́dún kejì, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mirí. Ẹ̀ẹ̀kẹta sì ti parí ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ardis ò tún bi í mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé ò ju kí òun náà jókòó nínú yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kóòtù ti pè é rí o, ẹ̀ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́, wọ́n ní kó máa lọ. Ti ìkejì, olè náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ láàárọ̀ kùtù, wọ́n fún gbogbo wọn ní kéèkì, wọ́n tú wọn ká. Ó wá di ọdún yìí, tí wọ́n ní wọ́n máa ti kóòtù àtijọ́ náà pa bí yìnyín bá ti yọ́, pé tuntun ti dúró sẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, nítòsí ilé epo. Wọ́n á wó ti àtijọ́, tòun ti yàrá ẹ̀. Àárín oṣù Kejì ni ìwé ìpè dé ọwọ́ Ardis. Ó kà á, ó pa á pọ̀, ó tún ṣí i kà. Ó jókòó síbi tí Lowell máa ń jókòó sí.

Wọ́n pe Marlys Hovland náà. Marlys ni ọ̀rẹ́ Ardis láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun, ojúlé kejì ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Òun ló wá fi ọkọ̀ gbé Ardis láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí òtútù ti pa ọkọ̀ Ardis kú.

"Ṣé o ti jẹun?" ni Marlys wí.

"Mo ti jẹun."

"Irọ́ ńlá. Gba búrẹ́dì."

"Rárá, má ṣe wàhálà."

"Gba búrẹ́dì, Ardis."

"Tìrẹ ńkọ́? Mi ò fẹ́ jẹ tìẹ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

"Ardis Bakken, mo ní o gba búrẹ́dì!"

Ó gbà á. Ó ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé ojú títì. Marlys bu kọfí fún un láti inú fúláàsì, dúdú, bó ṣe máa ń bù ú fún un. Ọ̀rọ̀ kọfí yìí ní ìtàn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀rẹ́, Marlys bi í bóyá kí òun fi wàrà sí i. Ardis ní rárá, bó ṣe wà yẹn dáa. Marlys tún bi í, ó tún ní rárá. Bó ṣe fẹ́ bi í lẹ́ẹ̀kẹta ni Kevin ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún nínú ilé, Marlys sáré lọ wò ó, nígbà tó fi máa padà dé, ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọ̀ ọ́. Ìyàwó olówò wàrà, ẹni tó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún màlúù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ni kọfí dúdú ń korò lọ́nà ọ̀fun láti ìgbà náà wá! Kevin ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Marlys sì máa ń fi í yangàn láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì: "Ọ̀rẹ́ mi Ardis, kọfí dúdú ló ń mu, bí ọkùnrin."

"Èmi, mi ò bá wọn jókòó níbẹ̀ o," ni Marlys ń sọ bó ṣe ń wa ọkọ̀. "Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ bá Kevin ní Arizona. Oòrùn ń dúró dè mí. Ìwọ ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá ti ṣe é náà ló dáa," ni Ardis wí.

Ẹjọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cody Renner ni. Wọ́n ní òun ló dáná sun ilé pátákó tí ọ̀gbẹ́ni kan gbé sórí adágún tó ti dì, níbi tí ọ̀gbẹ́ni náà ti ń dá ihò sínú yìnyín pẹja. Ilé ìpẹja, ẹ gbọ́ o! Níbí, ẹni tó bá sun ilé ìgbé rẹ, ẹ lè parí ẹ̀ nínúlé. Ẹni tó bá sun ilé ìpẹja rẹ, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Cody ní òun kọ́. Àǹtí rẹ̀ tó wà ní Minneapolis ti háyà lọ́yà fún un, Dominic Ferraro, ọmọ ìlú ńlá tó wọ bàtà pẹlẹbẹ rìn nínú yìnyín, tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì rin gbindin.

Adájọ́ ni Arne Sundet. Ọmọ wa ni. Bí ẹ bá rí i nínú aṣọ dúdú yẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ló já bọ́ láti orí àjà ilé màlúù baba rẹ̀ sínú ìgbẹ́ ọjọ́sí. Ó kí gbogbo wọn, ó dúpẹ́ pé wọ́n wá. Akọ̀wé kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í fa orúkọ yọ nínú àpótí, ẹni tí wọ́n bá pè á lọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn lọ́yà á máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa dúró ní àárín. Ẹni tí kò bá wúlò, á máa relé.

Wọ́n pe Marlys ṣáájú. Kí wọ́n tó bi í léèrè dé ìdajì, ó ti da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

"Olúwa mi, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Wọ́n sun ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́dún kan, tòun ti sítóòfù ẹ̀. Ẹni tó bá ń sun ilé ìpẹja, ká so ó mọ́ ẹja ni!"

"A dúpẹ́, Ìyáàfin Hovland. Ẹ lè máa lọ."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Marlys wí, ó sì fi ẹ̀rín lọ jókòó sẹ́yìn, ó ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀, aṣọ òtútù lára, báàgì lórí itan.

Wọ́n fa orúkọ, wọ́n fa orúkọ. Mọ́kànlá pé. Ardis ti di ọwọ́ pọ̀ débi pé ìka rẹ̀ ti funfun. Akọ̀wé tún na ọwọ́ sínú àpótí.

"Ardis Bakken."

Ó rìn lọ síbi àga kejìlá, ó jókòó sí etí rẹ̀. Lọ́yà ìjọba, obìnrin kan láti Fargo, bi í bóyá ó mọ Cody. Ó ní òun mọ̀ ọ́n lójú, òun ò mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi í bóyá ó mọ ẹni tó ni ilé ìpẹja. Ó ní rárá. Obìnrin náà jókòó. Ó kan Ferraro.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, Ferraro kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àánú màmá arúgbó tó jókòó sí etí àga bí ẹyẹ tó fẹ́ fò ló ṣe é. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyáàfin Bakken, ojú ọ̀nà ò dáa, òtútù yìí sì mú jù fún àgbàlagbà bíi yín. Ẹjọ́ yìí lè pẹ́ díẹ̀. Ṣé ẹ máa lè bá wa jókòó, mà?"

Gbogbo ara Ardis ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ìyá rẹ̀ kọ́ kó tó hu eyín, ẹnu ò sì dúró gbọ́ ti ọkàn.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu nítorí tèmi," ni Ardis wí. "Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ pọ̀ nínú ilé yìí."

Gbogbo ará Elm Lake tó wà ní ìjókòó mi orí. Obìnrin dáadáa. Ẹ̀kọ́ ilé rèé.

"Ṣé ká wá ẹlòmíì nìyẹn, mà?"

"Bí ẹ bá rí ẹlòmíì, kò burú náà."

Ó di méjì. Gbogbo ilé wá dákẹ́, wọ́n ń dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Akọ̀wé pàápàá gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ Minneapolis mọ̀? Lọ́dọ̀ tiwọn, rárá ni rárá. Ó yíjú sí adájọ́.

"Olúwa mi, mo bẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n jẹ́ kí màmá yìí máa lọ sílé. Ó hàn gbangba pé wọn ò fẹ́."

Kò fẹ́! Ardis gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ tí wọ́n ń kéde ikú ẹlòmíì pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Lọ́yà ìjọba ní òun ò ní àtakò. Adájọ́ Sundet ń kọ nǹkan sínú ìwé, kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lọ, ó kàn ní, "Ó dáa. A dúpẹ́, Ìyáàfin Bakken. Ẹ lè máa lọ."

Ardis dìde. Ó mú báàgì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn méjìlá wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́rẹ́, ìlẹ̀kùn igi tí ọwọ́ ènìyàn ti dán. Ó wò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ardis mọ̀ pé tara òun ń bá òun dákẹ́ báyìí, lójú òun, ẹnu òun kò sì ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Omi ti dé ojú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló bi í!"

Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Adájọ́ fi òòlù lu tábìlì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìyáàfin Hovland, ṣebí mo ti ní kí ẹ máa lọ?"

"Mò ń lọ! Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ló bi í, Arne, ìwọ náà sì mọ̀!"

Ẹ̀rín bú ní ilé ẹjọ́. Adájọ́ pọ́n lójú, ó lu òòlù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní bí ohùn kan bá tún ti ẹ̀yìn wá, òun á ní kí wọ́n ti ẹni náà mọ́lé, ọ̀rẹ́ ìyá òun ni o, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìyá òun ni o. Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bi akọ̀wé tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀melòó ni lọ́yà bi Ìyáàfin Bakken.

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Olúwa mi."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni adájọ́ wí. Ó yíjú sí Ferraro. "Lọ́yà, ẹ jókòó díẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò tẹ́tí. Ìyáàfin Bakken, ẹ dákun, ẹ dúró. Mo ń bi yín lẹ́ẹ̀kẹta báyìí. Ṣé ẹ máa bá wa jókòó?"

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn. Bí wọ́n bá ní ká dá a lórin, ohùn wa á ṣọ̀kan: tí kò bá ní í ni yín lára. Ardis la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá rí ojú Ferraro, ojú ọ̀gbẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rárá. Bí òun bá sọ ọ́ báyẹn, rárá ni ọmọkùnrin yìí tún máa gbọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Cody wà nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè ẹni ẹlẹ́ni, apá aṣọ bò ó dé ìka, ó ń wo Ardis bí ẹni ń wo dókítà. Ohùn kan sì wọ etí Ardis, ohùn tó ti mọ̀ bí ẹní mowó. Kí lo rò, Ardis?

"Mo fẹ́," ni Ardis wí.

Ó gbé báàgì rẹ̀ padà sílẹ̀.

"Mo fẹ́ jókòó. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ń fẹ́ ẹ."

Ẹ̀yin ènìyàn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn tó gbọ́ "mo fẹ́" lẹ́nu Ardis Bakken rí, àti ẹni tó bá a lọ sílé ìwé, àti ẹni tó bá a kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Marlys fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn dé. Kò sí ẹni tí lọ́yà ń bẹ̀rù tó ẹni tó ń wù láti jókòó. Ferraro ti dìde, àánú ti kúrò lójú rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi wù yín tó bẹ́ẹ̀, mà?"

Ardis sọ fún un. Kò gùn. Ó ní ọkọ òun jókòó nínú yàrá yẹn nígbà kan, ó wọ ibẹ̀ bí ẹni tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ti ibẹ̀ bọ̀ wá bi òun léèrè ohun tí òun rò, kò sì jáwọ́ nínú bíbi òun títí ó fi kú. Òun fẹ́ mọ ohun tó kọ́ ọ. Wọ́n á wó ilé náà láìpẹ́.

"Ẹ ò ní í torí ìyẹn dá ọmọ yìí lẹ́bi, tàbí kí ẹ dá a láre?"

"Rárá o. Ohun tí mo bá gbọ́ níbí ni màá rò."

Ferraro padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Cody. Òfin fún un láyè láti yọ ẹnì kan ṣoṣo sí i láìsọ ìdí, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó ń rò ó. Ó tẹ̀ sí ọmọkùnrin náà létí. Ilé pa rọ́rọ́ débi pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ hàn ketekete.

"Kí lo rò?"

Ardis di irin ìjókòó mú. Cody wò ó, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ jẹ́ kí màmá yẹn jókòó," ni Cody wí. "Ó jọ ẹni tí kì í kánjú sọ̀rọ̀."

Bí Ardis Bakken ṣe di ẹnì kejìlá nìyẹn. Nígbà tó jókòó lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo àga náà ló jókòó sí, kì í ṣe etí rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà títí ó fi tán. Marlys ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀, ó ń ráhùn, kò sì pẹ́ lọ́jọ́ kankan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn igi yẹn fún àwọn méjìlá, tí wọ́n sì tì í mọ́ wọn. Ardis wo yíká. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí? Tábìlì gígùn kan tó ti ha, àga méjìlá tí kò bára mu, ìkòkò kọfí, fèrèsé kan tó kọjú sí adágún. Kò sí nǹkan kan lára ògiri. Inú rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́ díẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ni wọ́n fi ṣe olórí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ojú ń tì í. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, bí bàbá mi ṣe sọ, ni pé kálukú á sọ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa já lu ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tí a ò ní í bi. A ò ní í kúrò níbí títí a ó fi gbọ́ ti gbogbo wa." Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Kí lẹ rò? Ọmọdébìnrin kan tó ń ta bàtà sọ tirẹ̀, àgbẹ̀ olówó ńlá kan sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Kí lẹ rò? Olùkọ́. Kí lẹ rò? Ọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ rí ní gbangba sọ̀rọ̀, ó ń kólòlò, wọ́n dúró dè é. Ardis jókòó, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń yí tábìlì ká bọ̀ wá bá òun, ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ nídìí àdògán, nínú oko àgbàdo, lórí ìrọ̀rí ikú. Áà, Lowell! Ọkùnrin yìí ti jókòó níhìn-ín, wọ́n bi í, wọ́n gbọ́ ọ, ó wá rántí pé ẹnì kan wà nílé tí òun ò bi rí.

"Ìyáàfin Bakken," ni atúnpọ́ǹpùṣe wí, "kí lẹ rò?"

Ó sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ títí ó fi sọ ọ́ tán. Ohun tó sọ, ti yàrá náà ni.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n jáde wá sọ pé Cody Renner kò jẹ̀bi. Àǹtí rẹ̀ ké. Cody jókòó sílẹ̀, ó fi apá aṣọ gígùn yẹn nu ojú. Ferraro bọ Ardis lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

Ilé Marlys ni wọ́n yà sí. Àpótí Arizona ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní dídì. Marlys ò tíì bọ́ fìlà tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó yá, sọ fún mi. Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn?"

"Kò sí nǹkan."

"Adájọ́ ti ní ẹ lè sọ ọ́ báyìí! Kí lo sọ?"

Ardis rẹ́rìn-ín.

"Ardis, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o. Mo fi tọkàntọkàn bi ẹ́. Kí lo rí níbẹ̀?"

Ardis di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mirí. Marlys wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. Ọmọ Elm Lake ni òun náà, ó mọ ibi tí ẹ̀ẹ̀kẹta ń dé. Ó yíjú sí ìdí àdògán.

"Ó dáa. Ṣé wàá mu kọfí?"

"Màá mu," ni Ardis wí.

Ọwọ́ Marlys dúró lórí ìkòkò. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bi í nìyẹn.

"Kí o sì bá mi fi wàrà sí i."

"Wàrà?" Marlys yí padà pátápátá. "Ìwọ Ardis! Ìgbà wo lo ti ń mu kọfí oníwàrà?"

"Ìgbà gbogbo. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lo bi mí, Marlys. Ni Kevin bá ké."

Marlys jókòó gbà sórí àga. Ó rò ó láti Kevin ọmọ ọwọ́ títí dé Kevin baba ọlọ́mọ mẹ́ta, gbogbo kọfí dúdú tó ti bù fún obìnrin yìí. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gbé wàrà wá tòun ti ìgò, ó sì gbé e síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iye tó bá wù ú.